Òrùka Saturn: Ta Ló Ní Ọmọdé Ni?

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nínú àwọn ìwé ìròyìn àgbáyé. Wọ́n ní òrùka tó yí Saturn ká kì í ṣe ohun àtayébáyé, wọ́n ní nígbà tí àwọn dáínásọ̀ ń rìn kiri orí ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Saturn má tíì ní òrùka kankan. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì rọrùn láti fi ṣe àkọlé. Kò pẹ́ tó fi di òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jiyàn sí. Bẹ́ẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ ọjọ́ orí òrùka Saturn kò tíì parí, apá kejì sì ní ohun tó lágbára láti sọ.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí yìí kò kéré. Láti etí kan àwọn òrùka ńlá náà dé etí kejì tó nǹkan bíi 270,000 kìlómítà, ìyẹn ju ìdajì ọ̀nà tó wà láàárín ayé àti òṣùpá lọ dáadáa. Bó ti fẹ̀ tó yìí, nínípọn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́wàá lọ. Yìnyín ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn kan kéré bí iyanrìn, àwọn mìíràn tóbi bí ilé, kálukú wọn sì ń yí Saturn po lọ́tọ̀ bí òṣùpá kékeré. Nígbà tí òrùka náà bá kọ etí sí ayé, bó ṣe ṣe ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2025, díẹ̀ ló máa ń kù kó pòórá.

Ìpòóra yìí ló kọ́kọ́ dójú ti Galileo. Ní oṣù Keje ọdún 1610, ó rí i nínú tẹlisíkóòpù rẹ̀ pé nǹkan kan wà lọ́tùn-ún àti lósì Saturn, ó sì rò pé ìràwọ̀ mẹ́ta ló jókòó tira wọn. Nígbà tó padà wò ó ní 1612, méjì ti lọ. Ó dààmú débi tó fi béèrè nínú lẹ́tà rẹ̀ pé àbí Saturn ti pa àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ ni, bí òrìṣà Róòmù tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti ṣe nínú ìtàn. Ọdún 1659 ni Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, là á yé aráyé nínú ìwé pé òrùka pẹlẹbẹ kan ni, tí kò fara kan Saturn níbì kankan. Lọ́dún 1675, Giovanni Cassini rí àlàfo dúdú kan láàárín rẹ̀. Laplace, àgbà onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Faransé, wá fi ìṣirò hàn pé òrùka líle kan ṣoṣo kò lè dúró. Ó ní yóò jẹ́ òrùka líle tóóró-tóóró tó pọ̀ ni. Òun náà ṣì í.

James Clerk Maxwell ló tú okùn náà. Yunifásítì Cambridge fi ọ̀rọ̀ òrùka Saturn ṣe ìdíje Ẹ̀bùn Adams, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Scotland yìí sì gba ẹ̀bùn náà, ó wá tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1859. Ó ní ì báà jẹ́ líle, ì báà jẹ́ olómi, òrùka náà yóò fọ́ yángá. Ohun kan ṣoṣo tó lè dúró ni ègé kéékèèké tí kò lóǹkà, tí oníkálukú ń rin ọ̀nà tirẹ̀. Ìṣirò lásán ni, kò tíì sí ẹni tó fojú rí i. Ọdún 1895 ni James Keeler, ní Allegheny Observatory ní Pennsylvania, yẹ ìmọ́lẹ̀ òrùka náà wò ní àwọ̀ dé àwọ̀, tó sì rí i pé apá inú ń sáré ju apá òde lọ. Ká ní ohun líle kan ṣoṣo ni, òde ni ìbá máa sáré jù. Lónìí, àwọn awòràwọ̀ ti fi lẹ́tà pín òrùka náà, A lóde, B láàárín, C nínú. Yìnyín tó wà ní etí inú C kì í lò tó wákàtí mẹ́fà láti yí Saturn po lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wà ní etí òde A ń lò ju wákàtí 14 lọ.

Kí ló dé tí wọn kò fi kó ara wọn jọ di òṣùpá? Édouard Roche, ará Faransé mìíràn, ti dáhùn ìyẹn ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun tó bá súnmọ́ plánẹ́ẹ̀tì ńlá jù, òòfà plánẹ́ẹ̀tì náà á máa fa ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i ju ẹ̀gbẹ́ tó kẹ̀yìn sí i lọ, ìyàtọ̀ náà á sì fà á ya. Ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ní ààlà, orúkọ Roche ni wọ́n fi ń pè é.

Ṣùgbọ́n àwọn òṣùpá Saturn kò fọwọ́ lẹ́rán. Mimas ń yí Saturn po ní wákàtí méjìlélógún àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Yìnyín tó wà ní etí òde òrùka B ń yípo lẹ́ẹ̀méjì géérégé bí Mimas bá yípo lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ojú kan náà ni wọ́n ti máa ń pàdé, ibẹ̀ náà ni Mimas ti ń fà á, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, láìsinmi. Fífà kékeré tí kì bá já mọ́ nǹkan wá di ńlá. Ó gé etí òrùka B sọnù, ibẹ̀ sì ni àlàfo tí Cassini rí ti bẹ̀rẹ̀. Daphnis tún kéré sí i, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ lọ, bẹ́ẹ̀ ó la ọ̀nà tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 40 kìlómítà nínú òrùka A. Ibi tó bá gbà kọjá, ìgbì á dìde ní etí méjèèjì. Lọ́dún 2009, nígbà tí oòrùn ń tàn sí òrùka náà láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi orúkọ Cassini pè ya àwòrán òjìji àwọn ìgbì yìí, àwọn kan nínú wọn sì ga ju kìlómítà kan lọ. Ju kìlómítà kan, lára ohun tí nínípọn rẹ̀ kò ju mítà mẹ́wàá! Ilé ìwé tó bá ní ògiri, àwòrán yẹn ló yẹ kó gbé kọ́ síbẹ̀.

Saturn fúnra rẹ̀ náà ń gbọ̀n láti inú, ìgbọ̀n yìí sì ń hàn bí ìgbì nínú òrùka C. Àwọn ìgbì yìí ni Christopher Mankovich àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kà tí wọ́n fi sọ ní 2019 pé ọjọ́ kan lórí Saturn jẹ́ wákàtí 10, ìṣẹ́jú 33 àti ìṣẹ́jú àáyá 38. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí gígùn ọjọ́ yẹn ni, torí pé gáàsì ni òde Saturn, kò ní ilẹ̀ tí èèyàn lè fojú sàmì sí kó máa ka ìyípo rẹ̀.

Títí di 1977, Saturn nìkan ni wọ́n mọ̀ tó ní òrùka. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún náà, James Elliot, Edward Dunham àti Jessica Mink wà nínú bàálù tí NASA gbé tẹlisíkóòpù sí, wọ́n ń dúró kí Uranus kọjá níwájú ìràwọ̀ kan. Kí Uranus tó bo ìràwọ̀ náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lẹ́yìn tí Uranus kọjá, ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún. Òrùka ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Voyager 1 rí ti Jupiter. Ní 1989, Voyager 2 fìdí ti Neptune múlẹ̀.

Àfikún kan láìpẹ́ yìí ló wá da ọ̀rọ̀ rú jù. Ní 2023, Bruno Morgado ti Yunifásítì Àpapọ̀ Rio de Janeiro, pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, kéde pé òrùka wà lára Quaoar, ayé kékeré kan tó wà kọjá Neptune. Òrùka náà fi nǹkan bíi 4,100 kìlómítà jìnnà sí àárín Quaoar, bẹ́ẹ̀ ààlà Roche rẹ̀ kò tó 2,000. Níbi tí wọ́n wà yẹn, ó yẹ kí àwọn ègé náà ti kó jọ di òṣùpá láìpẹ́ láìjìnnà. Wọn kò kó jọ. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí láti Galileo dé Quaoar, kò yẹ kó yá a lára láti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní òun ti parí ọ̀rọ̀ òrùka.

Ẹ̀rí àwọn tó ní òrùka Saturn kò tíì dàgbà kì í ṣe ẹ̀rí yẹpẹrẹ o. Láti 2004 títí di 2017 tí Cassini fi ń yí Saturn po, irinṣẹ́ kan wà lára rẹ̀ tó ń gba eruku. Sascha Kempf ti Yunifásítì Colorado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa eruku tó wá láti ìta Saturn lọ́tọ̀, 163 péré ni, wọ́n sì fi wọ́n ṣírò bí eruku ṣe ń bà lé òrùka náà sí. Yìnyín inú òrùka ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìdọ̀tí rẹ̀ kò pọ̀. Ká ní ó ti pẹ́ jù tí eruku ti ń bà lé e ni, ìdọ̀tí rẹ̀ ìbá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wá sọ ní 2023 pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ọdún mílíọ̀nù 400 lọ. Ṣáájú wọn, ní 2019, Luciano Iess ti Yunifásítì Sapienza ní Róòmù ti fi bí òòfà òrùka ṣe fa Cassini wọn ìwúwo rẹ̀: ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìwúwo Mimas. Òrùka tó fúyẹ́ á tètè dọ̀tí, nítorí náà òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún mílíọ̀nù 10 sí mílíọ̀nù 100. Ayé àti oòrùn ti tó ọdún bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀.

Ìmọ́tótó kọ́ ni ọjọ́ orí ṣá. Ìyá àgbà lè gbé aṣọ funfun tó ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti ogójì ọdún jáde, kó máa tàn yanranyanran. Ẹni tó fẹ́ fi ìdọ̀tí mọ ọjọ́ orí aṣọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ó sì jọ pé nǹkan kan ń fọ òrùka Saturn. Nígbà tí Cassini ń gba àárín òrùka àti Saturn kọjá ní 2017, ó tọ́ ohun tó ń jábọ́ láti inú òrùka wọ Saturn wò. Ó kéré tán, 4,800 kílógíráàmù ló ń bọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kì í sì í ṣe yìnyín nìkan: ìdọ̀tí inú rẹ̀ pọ̀ fíìfíì ju bó ṣe pọ̀ nínú òrùka fúnra rẹ̀ lọ. Aurélien Crida àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí kalẹ̀ ní 2019 pé bí ìdọ̀tí bá ń jáde ju yìnyín lọ, òrùka náà ń mọ́ sí i ni. Wọ́n fi kún un pé òrùka tó wúwo gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀, bó bá ń tẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ìwúwo tí Iess wọ̀n yẹn gan-an ni yóò kù sí lẹ́yìn ọdún bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Ryuki Hyodo láti Japan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi ìṣirò kọ̀ǹpútà hàn pé eruku tó ń já wọ òrùka, tó ń sáré tó nǹkan bíi 30 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá, ooru ìforígbárí á sọ ọ́ di èéfín. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ yìnyín, Saturn á gba èyí tó kù tàbí kó fọ́n lọ.

Ibi tí òrùka náà ti wá náà kò tíì yéni tán. Robin Canup ní 2010 sọ pé òṣùpá ńlá kan ló ń ràkòrò wọ Saturn nígbà tí Saturn ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí òòfà Saturn sì bó yìnyín ara rẹ̀ kúrò. Jack Wisdom àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2022 sọ pé òṣùpá kan tí wọ́n pè ní Chrysalis ló fọ́ ní nǹkan bíi 160 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìtàn méjèèjì ṣeé gbà. Òǹkọ̀wé yìí rò pé apá àwọn tó ní àgbà ni ló ń lágbára sí i láti 2017, ṣùgbọ́n ìṣirò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí a fọwọ́ bà, Hyodo náà kò tíì fi eruku gidi dán an wò lórí Saturn.

Uranus wà níbẹ̀ tó lè ràn àwọn tó ń jiyàn lọ́wọ́. Òrùka tirẹ̀ dúdú kirikiri, wọ́n sì tóóró, òdìkejì ti Saturn pátápátá. Ní 2022, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé Uranus ni kí NASA fi ṣe àkọ́kọ́ nínú àwọn iṣẹ́ ńlá tó kàn. Bí ọkọ̀ náà bá gbé irinṣẹ́ tó ń gba eruku dé ibẹ̀, àwọn tó ń jà yìí yóò ní iye kejì tí wọ́n lè fi wé ti Saturn. Kó tó dìgbà yẹn, ìwé ìròyìn tó bá fẹ́ kọ ọjọ́ orí òrùka Saturn yẹ kó kọ ti Kempf àti ti Hyodo sínú ìròyìn kan náà, kó sì jẹ́ kí àkọlé rẹ̀ gbé àwọn méjèèjì.