Ẹ Ra Àpótí Kọ̀ǹpútà Tí Ọwọ́ Yín Lè Ṣí

   

Lọ́sẹ̀ yìí, a ò ní ka a-b-d, a ò sì ní ka orúkọ oṣù. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ọ̀rọ̀ àpótí rẹ̀, ìyẹn àpótí onípáànù tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń gbé inú rẹ̀. Ẹ má rò pé mo ti ṣìnà. Ẹ ó rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ èdè wa wà nínú rẹ̀.

Èrò mi nìyí: bí ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, tàbí bí ẹ bá fẹ́ tò ó fúnra yín, ẹ má torí iná aláwọ̀ mèremère àti gíláàsì dídán yan àpótí. Èyí tó rọrùn láti ṣí, tí a lè yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ ká sì fi òmíràn rọ́pò láìsí wàhálà, ni kí ẹ rà.

Ojú mi ló rí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé oṣù kìn-ín-ní ọdún kì í ṣe oṣù oorun, nítorí ọjọ́ 31 oṣù náà ni gbèdéke fún àwọn tó ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ìwé owó-orí ara wọn ránṣẹ́ sí ìjọba. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí gbèdéke pé, kọ̀ǹpútà mi kú pátápátá. Power supply ló jó, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gba iná láti ara ògiri tó sì ń pín in fún àwọn yòókù.

Mo ní, "Kò burú, nǹkan kékeré ni." Mo sáré lọ ra òmíràn. Mo délé, kò wọ inú àpótí. Ihò síkúrù wọn kò bára mu, ẹnu wáyà rẹ̀ náà kò bá ti motherboard mu. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ti ṣe tiwọn lọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan lèèyàn ti lè ra ẹ̀yà rẹ̀, wọn ò sì tà á mọ́. Nítorí ẹ̀yà kan ṣoṣo, odidi kọ̀ǹpútà di ìdọ̀tí. Owó tí n kò múra sílẹ̀ fún ni mo fi ra tuntun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, wo kọ̀ǹpútà náà nílẹ̀, ó ní, "Dádì, kí ló dé tí a ò lè pààrọ̀ ẹyọ kan yẹn?" Yorùbá rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀ nígbà náà, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ jinlẹ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń bèèrè pé: nǹkan tí a rà yìí, ọdún mélòó ni a máa fi lò ó? Processor máa ń di ti àtijọ́. RAM máa ń kéré jù. Hard disk máa ń kú. Àpótí nìkan ni kì í tètè gbó, nítorí páànù ni. Síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ojú lásán yàn. Ọdún 1995 ni Intel gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní ATX jáde. Motherboard ATX gùn ní mìlímítà 305, ó sì fẹ̀ ní mìlímítà 244, ibi tí ihò síkúrù rẹ̀ sì wà ti di mímọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń ṣe àpótí. Nítorí náà, àpótí kan lè sin motherboard méjì tàbí mẹ́ta kó tó di pé a sọ ọ́ nù.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft parí àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni kò lè gba Windows 11 gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe fẹ́, nítorí processor wọn ti pẹ́ jù. Nílé wa, motherboard, processor àti RAM nìkan la pààrọ̀. Àpótí, power supply, fáànù àti hard disk, ti tẹ́lẹ̀ náà ni.

Tí ẹ bá wá dé ọjà, kí ni kí ẹ wò?

Àkọ́kọ́, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí. Ṣé síkúrù rẹ̀ ní orí ńlá tí a lè fi ìka lásán tú, àbí síkúrùdíráfà ló ń fẹ́? Ṣé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń ṣí? Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Èkejì, ẹ bèèrè bóyá ó gba motherboard ATX àti power supply ATX. Èyí tó bá gba ATX sábà máa ń gba motherboard tó kéré jù ú lọ náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo àyè inú rẹ̀. Ẹni tó ṣe àpótí máa ń kọ gígùn káàdì àwòrán àti gíga fáànù processor tó lè gbà, ní mìlímítà. Àwọn káàdì kan wà lóde òní tó gùn ju mìlímítà 300 lọ. Ẹ jẹ́ kí àyè ṣẹ́kù, torí ọwọ́ èèyàn náà ń fẹ́ àyè.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo páànù tí a máa de motherboard mọ́. Ó yẹ kí ihò ńlá wà lára rẹ̀, lẹ́yìn ibi tí processor máa wà, kí ẹ lè pààrọ̀ fáànù rẹ̀ láìtú motherboard kúrò. Ẹ rọra fi ìka kan etí páànù náà pẹ̀lú. Bí wọn kò bá ká etí rẹ̀, á gé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wo ibi tí hard disk ń jókòó. Èyí tó ṣeé fà jáde bíi dúrọ́ọ̀ ló dára. Asẹ́ tó ń gba eruku náà gbọ́dọ̀ ṣeé fà yọ láìdojú kọ̀ǹpútà dé. Asẹ́ tí kò ṣeé yọ, kò sẹ́ni tó máa fọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Kí ló kàn mí? Àwọn tó ń tún un ṣe wà." Òótọ́ ni, àmọ́ wọn á gba owó iṣẹ́, gbogbo àkọsílẹ̀ yín á sì sùn lọ́dọ̀ wọn. Àwọn mìíràn á ní láptọ́ọ̀pù ti tó. Láptọ́ọ̀pù dára fún ẹni tó ń rìn kiri, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ti jó RAM mọ́ motherboard, èyí tí ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ máa lò dópin. N kò sì ní purọ́ fún yín: àpótí tó láàyè máa ń tóbi, ó máa ń wúwo, ó sì lè fi £20 tàbí £30 wọ́n ju èyí tó kéré lọ. Títí di òní, ìyàwó mi ń pe tiwa ní fìríìjì abẹ́ tábìlì.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí iná tó ṣẹ́kù lè tán, kí ẹ sì fọwọ́ kan páànù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣí inú power supply fúnra rẹ̀ láé, torí iná ṣì lè wà nínú rẹ̀. Odidi rẹ̀ la máa ń pààrọ̀. Bí nǹkan kò bá sì wọlé, ẹ má fi ipá tì í. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè tí mo ṣèlérí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa lókè òkun ló mọ orúkọ nǹkan: ilé, ajá, omi. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kò sí lẹ́nu wọn, nítorí a kì í bá wọn ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kankan. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ìṣe ló kún ibẹ̀: ṣí i, tú u, fà á, yọ ọ́, dì í mú, tì í wọlé, so ó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní kí ọmọ mi tú síkúrù, ó wò mí títí, ó ní, "Dádì, ṣé kí n tu itọ́ sí i ni?" Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé *tú*, lóhùn òkè, ni ti síkúrù. *Tu*, lóhùn àárín, ni ti itọ́. *Tù*, lóhùn ìsàlẹ̀, ni ti ẹni tó ń sunkún, bí a bá ní ká tù ú nínú. Kò gbàgbé mọ́ láti ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ àpótí tí èmi nìkan lè ṣí ni, ìran lásán ni yóò wò, ibi tí èdè máa gbà wọ̀ ọ́ lára kò ní sí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí, ẹ̀yin ọmọ. Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ̀yin àti òbí yín ṣí kọ̀ǹpútà ilé yín, kí ẹ gbọn eruku inú rẹ̀ dànù. Gbogbo ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn, ẹ fi Yorùbá sọ ohun tí ẹ ń ṣe sí i. Bí kò bá ṣeé ṣí, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti mọ irú èyí tí ẹ máa rà tó bá tún yá.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.