Láti Spa Ni Ọ̀rọ̀ Abu Dhabi Ti Bẹ̀rẹ̀

Títí di òní olónìí, bí àwọn olólùfẹ́ eré ìje ọkọ̀ Formula One bá pé méjì síbì kan, tí ọ̀kan nínú wọn sì ṣèèṣì dárúkọ ọdún 2021, ìjà dé nìyẹn. Nítorí pé ẹnìkan yóò ní wọ́n ja Lewis Hamilton lólè ní Abu Dhabi, ẹnìkejì yóò sì fi ojúlówó ìbúra sọ pé Max Verstappen ni adé náà tọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Lójú tèmi, ìyípo kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń wò nínú sáà tí ó ní eré 22, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Bahrain ní òpin oṣù Kẹta, tí kò sì parí títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá.

Ẹni tí kò mọ eré yìí lè rò pé ẹni tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ bá yá jù ni ó ń gba adé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Máàkì ni wọ́n ń kà: 25 fún ẹni àkọ́kọ́, 18 fún ẹnìkejì, 15 fún ẹnìkẹta, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa dínkù títí tí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹnìkẹwàá, gbogbo èyí ni wọn yóò sì rò pọ̀ bí ọdún bá parí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òun náà ni ó sì ń mú kí olólùfẹ́ eré yìí ní ilẹ̀ wa níhìn-ín jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àní bí eré ọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń sùn lé lórí.

Ta ni ó ń rántí Baku mọ́? Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Max ọmọ Jos, arógunyọ̀ ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó wà níwájú tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, táyà rẹ̀ sì bẹ́ lójú ọ̀nà títọ́ tí ọkọ̀ ti ń fò bí ọfà. Wọ́n dá eré dúró, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ fún ìyípo méjì péré, Lewis ọmọ Anthony, akọni dúdú tí ó ti dé adé nígbà méje, sì wà ní ipò kejì, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì kan bọ́tìnnì kan lára sítíárì, bọ́tìnnì náà sì gbé agbára bíréèkì sí táyà iwájú; nígbà tí ó tẹ bíréèkì, táyà rú èéfín, ọkọ̀ sì kọ̀ láti yà, ó lọ tààrà. Kò rí máàkì kan gbà lọ́jọ́ náà. Máàkì mẹ́jọ sì ni wọ́n fi ju Lewis lọ nígbà tí ọdún parí! Bí ó bá tilẹ̀ rọra wá sí ipò karùn-ún ní Baku, tí ó gba 10 tí ó wà fún ipò náà, òun ni ìbá dé adé, àní bí Abu Dhabi tilẹ̀ rí bí ó ti rí gan-an.

Tàbí kí a sọ ti Budapest, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ, eré tí èmi fúnra mi fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo sáà náà. Òjò ti rọ̀, àwọn ọkọ̀ ti kọlu ara wọn ní kọ́nà àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ Verstappen sì ti fàya yánnayànna. Nígbà tí wọ́n máa tún eré bẹ̀rẹ̀, oòrùn ti gbẹ ilẹ̀, gbogbo àwọn awakọ̀ yòókù sì yà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wọn láti bọ́ táyà òjò kúrò. Hamilton nìkan ni ó wá dúró sójú ìlà, òun nìkan gbáko, tí iná kú fún bí ẹni pé ó fẹ́ bá ara rẹ̀ sáré. Ìyípo kan lẹ́yìn èyí ni òun náà ní láti yà, nígbà tí yóò sì fi jáde, ó ti di ẹni ìkẹyìn. Bí ó ti ń jà bọ̀ láti ẹ̀yìn ni ó bá Fernando Alonso pàdé, àgbà ọ̀jẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogójì ọdún lọ́sẹ̀ náà gan-an, ẹni tí ó sé ọ̀nà mọ́ ọn fún bí ìyípo mẹ́wàá, tí Esteban Ocon tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà fi ráyè sálọ gba ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú Formula One. Verstappen ńkọ́? Ó fi àbọ̀ ọkọ̀ wọ́ dé ilé, ó sì gba máàkì méjì. Nígbà tí àwọn méjèèjì wọ Abu Dhabi pẹ̀lú máàkì 369.5 lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan, ta ni yóò tún pe méjì ní kékeré?

Ìdajì tí ó wà nínú 369.5 yẹn ni ó gbé mi dé Spa, ní ilẹ̀ Belgium, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ. Òjò rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya. Nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi dúró nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n ń retí. Ìgbà tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ, wọ́n kó àwọn ọkọ̀ jáde sẹ́yìn ọkọ̀ ààbò, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá, wọ́n yí ìwọ̀nba ìyípo díẹ̀, wọ́n sì wọlé. Eré parí! Wọ́n pín ìdajì máàkì: Verstappen gba 12.5, George Russell gba 9, Hamilton gba 7.5. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ohun tí a pè ní eré ìje kò yẹ kí ó di ìwọ́de. Hamilton sọ ní gbangba pé ó yẹ kí àwọn òǹwòran gba owó wọn padà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dákẹ́, nítorí pé máàkì márùn-ún kò jọ wọ́n lójú. Àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn Verstappen kúkú ń jó ni.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá, tí Hamilton ti wà níwájú ní Abu Dhabi láti ìbẹ̀rẹ̀, Nicholas Latifi lọ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá ògiri ní ìyípo 53 nínú 58. Ọkọ̀ ààbò jáde. Verstappen yà lọ gba táyà titun. Hamilton kò lè yà, kí ó má baà pàdánù ipò rẹ̀, ó jókòó lórí táyà tí ó ti gbó. Ọkọ̀ márùn-ún tí wọ́n ti fi odidi ìyípo kan sẹ́yìn wà láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn ọkọ̀ náà dúró sí àyè wọn, lẹ́yìn náà ni Michael Masi, olùdarí eré, wá ní kí àwọn márùn-ún yìí nìkan kọjá lọ, kí àwọn yòókù dúró, ó sì ní kí eré bẹ̀rẹ̀ kíákíá fún ìyípo ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá mọ táyà mọ bí yóò ti rí. Àpapọ̀ máàkì ọdún wá di: Verstappen 395.5, Hamilton 387.5.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Mo ti yọ Spa kúrò nínú ìṣirò: Verstappen ìbá ní 383, Hamilton ìbá ní 380, adé kò sì ní kúrò lórí Max. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ pàápàá ti gbà ṣáájú pé kò wù wọ́n kí eré máa parí sẹ́yìn ọkọ̀ ààbò, nítorí náà Masi kò fi orí ara rẹ̀ nìkan hu ìwà náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn aláṣẹ tí wọ́n lè pín èrè eré tí wọn kò sá ní oṣù Kẹjọ, kí ọjà wọn má baà dàrú, ti fi hàn wá pé òfin lè tẹ̀ bí ìran bá fẹ́ bàjẹ́; àwa tí a gbà á nígbà tí ó jẹ́ máàkì díẹ̀ ni a wá ń pariwo nígbà tí ó di adé.

Kí sáà ọdún 2022 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti yọ Masi nípò, ní oṣù Kẹta ọdún náà ni ìwádìí FIA, àjọ tí ó ń ṣàkóso eré yìí, sì sọ pé àṣìṣe ẹ̀dá ni ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n èsì kò ní yí padà. Wọ́n tún òfin Spa náà ṣe: ẹnikẹ́ni kò ní gba máàkì kan mọ́ àyàfi bí wọ́n bá sá ìyípo méjì, ó kéré tán, láìsí ọkọ̀ ààbò níwájú. Ìròyìn ti Masi ni gbogbo ayé gbé kiri. Ti ìyípo méjì yìí, èyí tí ó wúlò fún òǹwòran jù lọ, ẹ bi àwọn tí wọ́n ṣì ń jà lórí Abu Dhabi bóyá wọ́n tilẹ̀ gbọ́.