Ẹ Wọn Èèyàn Yín Kí Ẹ Tó Ra Kẹ̀kẹ́

“Kí kẹ̀kẹ́ ṣáà ti máa rìn.” Ohun tí mọ̀lẹ́bí ń sọ nìyẹn ní Port Harcourt tí èèyàn wọn bá fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe, tí owó kẹ̀kẹ́ arọ oníbátìrì sì ti délẹ̀. Irọ́ tó ń pààyàn ni. Ẹ̀yin olóṣèlú tí ẹ ń pín kẹ̀kẹ́ oníwọ̀n kan fún tọmọdé tàgbà níwájú kámẹ́rà, mò ń bá ẹ̀yin náà wí.

Àwa tí ara wa dá máa ń sún ìdí láìmọ̀. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ lè má mọ̀ ọ́n lára pé ìjókòó ń dun òun, ó sì lè má lè sún. Ìjókòó tó fẹ̀ jù á jẹ́ kó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀yìn á tẹ̀. Èyí tó gùn jù á há a lẹ́yìn orúnkún, ìbàdí á máa yọ̀ síwájú. Tí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé bá ga jù, gbogbo ìwúwo ara á rọ́ sórí eegun ìdí. Ibẹ̀ ni egbò ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ dé eegun. Christopher Reeve tó ṣe Superman nínú fíìmù já bọ́ lórí ẹṣin ní 1995, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́. Owó kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, síbẹ̀ irú egbò yìí tó ti kó àrùn ni wọ́n ń tọ́jú lára rẹ̀ nígbà tó kú ní 2004. Ta wá ni kẹ̀kẹ́ tí a rà láìwọn ara máa dá sí?

Irú kẹ̀kẹ́ tó yẹ èèyàn náà tún yàtọ̀ síra. Ẹni tó fi ọrùn ṣèṣe tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ lè nílò kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí wọ́n ń fi àgbọ̀n darí. Ẹni tí apá rẹ̀ ṣì le, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí lè sàn fún un jù: kò retí iná NEPA, ó sì ń wọ búùtù takisí. Oníbátìrì lè ju 100 kílò lọ. Ta ni yóò gbé e kọjá gọ́tà ní àdúgbò Diobu? Tó bá jẹ́ oníbátìrì náà ló yẹ ẹ́, ẹ béèrè bóyá gbogbo ìjókòó rẹ̀ ń dà sẹ́yìn kí ìdí lè sinmi. Ẹ fi eré tó ń sá sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbé èèyàn yín lọ bá àwọn físíò (physiotherapist), bíi ti ilé ìwòsàn Yunifásítì Port Harcourt ní Alakahia, kí wọ́n wọn ìbàdí àti itan rẹ̀. Tí kẹ̀kẹ́ bá dé, ẹ máa fi dígí wo ìdí rẹ̀ lálaalẹ́. Ibi tó bá yí àwọ̀ padà, tí kò wálẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má gbé e jókòó lé e mọ́ títí àwọ̀ náà yóò fi padà sípò, tí físíò yóò sì ti tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe.