Ọta tó ń tòkè bọ̀

Bí àgbà Ìkálẹ̀ bá ní "Ó le kú, ìjà Orè", ẹ má fi ṣàwàdà o! Lọ́dún 1967, Orè, tí kò jìnnà sí Òkìtìpupa, ni wọ́n ti dá sójà Biafra dúró. Ọdún yẹn náà ni bàálù ogun MiG-17 tí Rọ́ṣíà ṣe dé ọwọ́ ìjọba Nàìjíríà. Ìbọn ńlá mẹ́ta ló wà lábẹ́ imú ẹ̀: ẹnu ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 37, ti méjì yòókù jẹ́ 23. Ọta wọn máa ń bú gbàù níbi tó bá bà. Bàálù ọ̀tá ni wọ́n ṣe é láti já lulẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe dojú ẹ̀ kọlẹ̀. Nílẹ̀ Biafra, bàálù ìjọba pa ará ọjà mọ́ sójà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè fún ogun nídìí ọtí, ẹ rọra o! Ọta tó ń tòkè bọ̀ kì í béèrè bóyá sójà lèèyàn àbí aláta.