Ẹ yẹ́ olórin sí nígbà tó wà láàyè

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ìtàn ẹgbẹ́ olórin kan nílùú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. New York Dolls ni orúkọ ẹgbẹ́ náà.

Ọdún 1971 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, àmọ́ wọn a kun ètè, wọn a wọ aṣọ obìnrin àti bàtà gogoro bọ́ sórí ìtàgé. Orin wọn yára, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1973, àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn Creem dìbò pé àwọn ni ẹgbẹ́ tuntun tó dára jù lọ. Wọ́n tún dìbò pé àwọn náà ló burú jù lọ. Àwo náà kò tà bó ṣe yẹ, èyí tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1974 kò sì sàn jù ú lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1977, ẹgbẹ́ ti túká.

Síbẹ̀, irúgbìn wọn hù lóko ẹlòmíràn. Malcolm McLaren, ará London tó bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́dún 1975, padà sílé, ó sì di alámòójútó ẹgbẹ́ Sex Pistols, tó sọ orin pọ́ńkì di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Ẹgbẹ́ Ramones àti Kiss náà rí ohun kọ́ lára wọn.

Lóòótọ́, àwọn fúnra wọn lẹ́bi níbẹ̀. Oògùn àti ọtí ló pa Billy Murcia, onílù wọn, ní London lọ́dún 1972, oògùn olóró sì wà lára ohun tó tú ẹgbẹ́ ká. Johnny Thunders kú lọ́dún 1991, Jerry Nolan kú lọ́dún 1992, kò sì tíì sí ẹni tó pè wọ́n padà.

Ọdún 2004 ni ìpè dé. Morrissey, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ wọn nígbà èwe rẹ̀, ló ní kí àwọn mẹ́ta tó kù wá ṣeré ní London. Àwọn ni David Johansen, Sylvain Sylvain tí wọ́n bí ní Cairo, àti Arthur Kane. Ilé ìkàwé ìjọ rẹ̀ ní Los Angeles ni Kane ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ó sì ti fi gìtá rẹ̀ dógò. Àwọn ará ìjọ ló ràn án lọ́wọ́ tó fi gbà á padà. Ó ṣeré náà lóṣù kẹfà. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa á.

Àwọn méjì tó kù kò dáwọ́ dúró. Wọ́n gbé àwo mẹ́ta jáde, lọ́dún 2006, 2009 àti 2011. Èyí fi hàn pé ìpè Morrissey kì í ṣe àánú lásán. Iṣẹ́ ṣì wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dé, ìrànlọ́wọ́ owó ni wọ́n ń bẹ aráyé fún: ti Sylvain lọ́dún 2019, ti Johansen lóṣù kejì ọdún 2025. Sylvain kú lọ́dún 2021. Johansen, ẹni ọdún 75, kú kí oṣù tí wọ́n kéde náà tó parí.

Kò yẹ kí ẹni tó la ọ̀nà fún ẹlòmíràn máa tọrọ owó ìtọ́jú. Ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣì ń ta àwo àtijọ́ rí i pé ẹ̀tọ́ olórin ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lásìkò. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò àríyá orin ńlá máa pe àwọn àgbà nígbà tí ara wọn ṣì le. Kí àwọn ọ̀dọ́ olórin náà máa fi ẹnu dárúkọ ọ̀gá wọn, kí wọ́n sì máa fi owó rántí wọn.

Ìpè kan ṣoṣo ló dá ẹgbẹ́ yìí padà sórí ìtàgé. Ká ní ó dé ní ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ni, Thunders àti Nolan ì bá wà níbẹ̀. Yin ni, yin ni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn. Ẹni tó wà láàyè là ń wí fún.