Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nígbà tí ìjà bá wà láàrin bàbá àti ọmọ ni a sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdí sítíárìn ọkọ̀ ni ó ti fara hàn gbangba jù lọ lóde òní.

Ẹni tí ó bá mọ ìgbà bọ́lẹ̀kájà yóò rántí bí awakọ̀ ti í fi apá àti àyà wọ́ sítíárìn, tí òógùn a máa yọ lára rẹ̀ bí ẹni tí ń ro oko àdáwà. Ní 1926 ni Francis Davis, ará Amẹ́ríkà, fi agbára òróró ran ọwọ́ awakọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó di 1951 kí Chrysler tó gbé irú rẹ̀ jáde fún títà. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, àmọ́ kò mọ ìgbà tí a pè é: bí ọkọ̀ ń yà, bí ó ń lọ gbọnrangandan, pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ kì í sinmi, bẹ́líìtì sì ń fa agbára lára ẹ́ńjìnnì, epo ń jó lásán.

Nígbà tí Suzuki wá fi sítíárìn oníná sínú Cervo, ọkọ̀ kékeré kan ní Japan, ní 1988, ọmọ tí ń gbọ́ ìpè dé. Bí ọwọ́ bá ti kan sítíárìn, kọ̀ǹpútà a wọn ipá rẹ̀, ẹ̀rọ oníná kékeré a sì fi agbára tirẹ̀ kún un. Bí ọwọ́ bá dúró, òun náà a sinmi. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ọ̀nà, awakọ̀ ni ó mọ̀ ọ́n.

Pé kì í jó epo lásán wà lára ìdí tí ọjà rẹ̀ fi ń gbòòrò, tí JTEKT ti Japan, Bosch ti Jámánì àti Nexteer ti Michigan fi ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ìjọba fún òfin èéfín le. Ọkọ̀ oníbátìrì dé, kò sì ní ẹ́ńjìnnì tí a óò fi bẹ́líìtì kọ́. Ọkọ̀ tí ń gbé ara rẹ̀ síbi ìgúnlẹ̀ náà sì ń fẹ́ sítíárìn tí ó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà.

Ohun tí ó kan èmi gbọ̀ngbọ̀n ni ìsọ̀ mẹkáníìkì wa. Corolla tí Toyota tà ní Amẹ́ríkà ní 2009 ti di tòkunbọ̀ lọ́wọ́ wa, ti oníná sì ni sítíárìn rẹ̀. Ọ̀gá tí ó ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tún sítíárìn olóróró ṣe a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a wá ibi tí òróró ti ń jò, kò ní rí nǹkan kan. Ọmọ rewáyà tí ó ní skánà a ka àmì tí kọ̀ǹpútà kọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò tíì mọ ohùn irin ẹsẹ̀ táyà tí ó ti jẹ. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i tí àwọn méjèèjì ń bú ara wọn, tí olówó ọkọ̀ sì ń san owó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti rí ìsọ̀ kan tí nǹkan ti yàtọ̀. Ọmọ náà jókòó sínú ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ skánà; bàbá náà dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó fi etí lé irin, ó ní, “Yí i díẹ̀ sí i, ọmọ mi.”