A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ

Ẹ̀yin ará wa l'Òkè Ọya, ní ọjọ́ 11 oṣù May, 1959, àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà pé jọ ní Geneva nítorí ọ̀rọ̀ Jámánì àti ìlú Berlin. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ kò rí àyè nídìí tábìlì ńlá. Tábìlì kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fún wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù August, ìpàdé túká láìsí àdéhùn. Ní 1961 wọ́n mọ odi la Berlin sí méjì.

A kò sọ pé ọ̀rọ̀ tábìlì nìkan ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù September, 1990, ní Moscow, Jámánì méjèèjì bá àwọn mẹ́rin náà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kò pé oṣù kan tí ilẹ̀ wọn fi di ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ ni fún àwa ará àjò. Bí wọ́n bá pe ìpàdé ìlú tí a ń gbé, kí a má ṣe sọ pé ọjà kò jẹ́ kí a ráyè. Ẹ jẹ́ kí a yọjú, kí a fi sùúrù sọ tẹnu wa. Ẹni tí kò wá sí ìpàdé, kí ni yóò wí sí ìpinnu?